Fáírọ́ọ̀sì Ti Lọ, Kí Ló Dé Tí Kọ̀ǹpútà Wa Ṣì Ń Wọ́?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpèjọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ. Bó ṣe sọ ọ́ náà la ṣe tẹ̀ ẹ́.

Mo mọ̀ dájú pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán yó, oorun ló kàn án, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n Alága ló ní kí n sọ̀rọ̀, ẹ sì mọ̀ pé òun ni pírífẹ́ẹ̀tì ilé wa nígbà yẹn. Títí di òní, bó bá ti ranjú mọ́ mi báyìí, orúnkún mi á fẹ́ lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ wa ni mo fẹ́ sọ, èyí tó máa ń wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Àwọn kan nínú yín gbọ́ pé ó bàjẹ́. Àwọn kan gbọ́ pé wọ́n jí i. Kò sẹ́ni tó jí i o. Òun nìyẹn lórí tábìlì lẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, torí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú yín, nílé ni o, ní ṣọ́ọ̀bù ni o, tàbí ní ilé ìwé tí ẹ ti ń kọ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé orúkọ wa ni, láti orí sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́: orúkọ, ọdún tí kálukú jáde, nọ́ńbà fóònù, ìlú tí wọ́n ń gbé, àti àwọn tó ti ṣáájú wa lọ. Àwòrán sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní ìṣirò papò dà, ìyàwó wọn ṣí àpótí kan fún wa, wọ́n ní ká wo ohun tó bá wúlò fún wa. Àwòrán tí kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ ló kún inú àpótí yẹn: àwọn ọmọ tó ń sáré ìdíje, kíláàsì tí a fi pákó kọ́, àwọn tíṣà pẹ̀lú irun afro. Akọ̀wé síkáànì gbogbo rẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù, ó dá àpótí padà fún màmá. Màmá ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn báyìí, wọ́n ti ta ilé náà, a ò sì mọ ibi tí àpótí wọlẹ̀ sí. Ẹ ti rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan là ń sọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí, mo sì ti tọrọ àyè lọ́wọ́ akọ̀wé kí n tó sọ ọ́. Nígbà tí à ń múra ìsìnkú ọ̀gá, akọ̀wé gbé ìwé ètò ìsìnkú sórí fláàṣì, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí: kọ̀ǹpútà kan, èrò mẹ́wàá, kálukú mú fláàṣì tirẹ̀ dání, ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ń fa ọ̀kan yọ, ó ń ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ìwé náà jáde, ó sì dára. Akọ̀wé padà sílé, ó ki fláàṣì bọ láptọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ kó lè tún orúkọ ẹnì kan tí wọ́n kọ sódì ṣe. Ó wá rí i pé ọfà kékeré kan ti wà lára fódà kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ ọ̀kan, ó ṣí. Ó ní bó bá ti ṣí, kò sí wàhálà nìyẹn. Ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Wàhálà wà o. Ọfà kékeré yẹn túmọ̀ sí pé kì í ṣe fódà yín lẹ̀ ń wò mọ́. Fáírọ́ọ̀sì ti fi fódà gidi pamọ́, ó ti gbé ayédèrú kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà síwájú, ohun tí wọ́n ń pè ní shortcut. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ ta fáírọ́ọ̀sì jí, lẹ́yìn náà ni á wá ṣí fódà yín fún yín bí ọmọlúàbí, kí ẹ má bàa fura. Akọ̀wé kì í ṣe aláìgbọ́n. Iṣẹ́ àrékérekè ni wọ́n ṣe fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1986, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ní ìlú Lahore ní Pakistan, Basit àti Amjad Farooq Alvi, ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Brain. Inú dísìkì pẹlẹbẹ ayé ijọ́un ló ń gbé. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n kọ orúkọ wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn sínú rẹ̀. Olè ayé àtijọ́ ń fi káàdì sílẹ̀! Brain kì í sì í ba nǹkan jẹ́ lọ títí; ohun tó máa ń ṣe ni pé ó ń mú kí dísìkì falẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ILOVEYOU gba orí ímeèlì jáde láti ilẹ̀ Philippines, ó sì yí ayé ká, torí pé ta ni wọ́n máa kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí tí kò ní ṣí i? Ní ọdún 2008, Conficker dé, òun náà mọ ọ̀nà fláàṣì dáadáa. Lásìkò yẹn, bí ẹ bá ti ki fláàṣì bọ Windows, ohun tó wà lórí rẹ̀ lè dìde fúnra rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2011 ni Microsoft fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn Windows àtijọ́ láti dí ihò yẹn. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì orí fláàṣì kò lè dìde fúnra rẹ̀ mọ́, ó ku kó tan ẹ̀yin oníǹkan kí ẹ fi ọwọ́ ara yín jí i. Iṣẹ́ tí ọfà kékeré yẹn ń ṣe nìyẹn.

Ó dáa. Láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Akọ̀wé gbé e fún ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọ náà gbìyànjú, mi ò ní bú u. Ó pa fáírọ́ọ̀sì, ó fi antivirus méjì síbẹ̀ kí òmíràn má bàa wọlé, ó gba owó rẹ̀. Òótọ́ ni, fáírọ́ọ̀sì lọ. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù kò yá. Kàkà kó yá, ó tún wọ́ sí i. Bí ẹ bá tàn án, ẹ lè lọ wẹ̀, kí ẹ po ẹ̀kọ mu, kí ẹ padà wá bá a níbi tí àwọn àmì kéékèèké yẹn ti ń pòyì lójú rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ wá jókòó lé e lórí. Ẹnì kan ní ká ra òmíràn. Ẹnì kan, tí kì í ṣe òpè rárá, ní: "Ẹ format rẹ̀ jàre, ẹ nu gbogbo inú rẹ̀ nù, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun." Gbogbo wọn gbà. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é. Ìyàwó mi ló bi akọ̀wé léèrè lórí fóònù, nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ní tiwọn, pé: "Àwọn àwòrán yẹn ńkọ́, ibòmíràn wo ló wà?" Akọ̀wé dákẹ́. Kò sí níbòmíràn.

Bí láptọ́ọ̀pù ṣe dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn. Mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ìgbà tí a ti ń lo Windows 95, mo sì ti kọ́ nǹkan kan: kò sí ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ tún ṣe kó tó kó ẹrù inú rẹ̀ jáde. Ìwòsàn lè pa aláìsàn. Antivirus pàápàá lè rò pé fáìlì yín ni ọ̀tá, kó pa á rẹ́.

Nítorí náà mi ò tan Windows inú rẹ̀ rárá. Mo fi Linux sórí fláàṣì mi, mo sì gba ibẹ̀ tan ẹ̀rọ náà, kí ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ má bàa jí. Ẹni tí kò bá mọ èyí ṣe, kó yọ ẹ̀rọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wá dísìkì òde kan, kó kó lẹ́tà, àwòrán àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Kó má kó àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí exe, vbs tàbí lnk, torí àwọn wọ̀nyẹn ni fáírọ́ọ̀sì máa ń gùn bí ẹṣin. Bí fódà bá sì dàbí ẹni pé ó ti sọnù lórí fláàṣì, ẹ má sunkún. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kàn fi pamọ́ ni. Ẹ ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní Command Prompt, bí fláàṣì bá ń jẹ́ E, ẹ kọ: attrib -h -r -s /s /d E:\*.* Ẹ tẹ Enter. Fódà gidi á yọjú. Ẹ wá pa àwọn ayédèrú olọ́fà rẹ́, ẹ má tẹ̀ wọ́n o.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lẹ́yìn ìròyìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo rò pé á tó wákàtí kan. Nígbà tí mùẹ́síìnì pe ìrun àárọ̀, kò tíì parí. Ohun tó sì jí mi lójú oorun kì í ṣe mùẹ́síìnì, ìró kan ni. Inú láptọ́ọ̀pù ń ró bí ìgbà tí èèyàn ń fi èékánná họ páànù, á dákẹ́ díẹ̀, á tún họ ọ́. Àyà mi já. Mo mọ ìró yẹn. Fáírọ́ọ̀sì kì í pariwo.

Ìwé orúkọ jáde pátá. Àwòrán jáde, àfi mẹ́rin tó kọ̀ tí kò kọjá. Mo tún gbìyànjú lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹ̀rọ ti tutù, méjì wọlé. Méjì tó kù, n óò padà sórí wọn.

Nígbà tí ẹrù ti bọ́ sọ́wọ́ mi, mo tó tan Windows. Ohun àkọ́kọ́ ni kí n mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni fáírọ́ọ̀sì ti lọ. Nínú Windows òde òní, ẹ ò nílò láti ra nǹkan kan fún èyí. Ẹ wọ Windows Security, ẹ tẹ Virus & threat protection, ẹ tẹ Scan options, ẹ mú Microsoft Defender Offline. Ẹ̀rọ á kú, á tún tàn, á yẹ ara rẹ̀ wò kí Windows tó dìde. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé fáírọ́ọ̀sì tó bá ti jí tán lè fara pa mọ́ fún ọdẹ, ṣùgbọ́n èyí ń bá a lórí ibùsùn. Bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó máa ń gbà. Tiwa gbà ju wákàtí kan lọ, ìyẹn tún jẹ́ kí n fura sí i. Kò rí nǹkan kan. Ọmọkùnrin yẹn ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ló wá ń fa ìfàsẹ́yìn? Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Task Manager á ṣí. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí ẹni tó ń jẹ nínú ìkòkò. Ẹ wo òpó mẹ́ta: CPU, tó jẹ́ ọpọlọ, Memory, tó jẹ́ àyè tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, àti Disk, tó jẹ́ àká. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ṣì wà níbẹ̀, pàápàá irú àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yín wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì fún elòmíràn, CPU ló máa ń ga tí ẹ ò sì ṣe nǹkan kan. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. CPU jókòó jẹ́jẹ́. Disk ló wà ní 100 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Antivirus méjì yẹn ni mo kọ́kọ́ bá wí. Ẹ rò ó wò ná: ẹ gba ọdẹ méjì sẹ́nu géètì, wọn ò sì fọkàn tán ara wọn. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, èkíní á tú àpò rẹ̀, èkejì á tún un tú, lẹ́yìn náà wọ́n á tú ara wọn. Fáìlì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣí ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Mo yọ méjèèjì. Ẹ má bẹ̀rù, bí ẹ bá yọ ọ́, Defender tí Windows ní fúnra rẹ̀ á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀kan tó.

Mo wá lọ síbi tí wọ́n kọ Startup sí, níbi tí ẹ ti ń rí àwọn ohun tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ láàárọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà níbẹ̀ tí ẹgbẹ́ ti fi tọrẹ tipẹ́. Ohun kan tún wà tó ní òun ń mú kọ̀ǹpútà yá, ó máa ń gbé pátákó pupa jáde pé àléébù ọgọ́rọ̀ọ̀rún wà lára ẹ̀rọ, kí ẹ sanwó kí òun tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín ní orúkọ gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi: ẹ má sanwó fún irú rẹ̀. Kì í mú nǹkan kan yá. Bí ojú ìwé kan bá sì fò jáde tó ní fáírọ́ọ̀sì ti wọ ẹ̀rọ yín, kí ẹ pe nọ́ńbà báyìí báyìí, ẹ má pè é. Ọ̀jẹ̀lú ló wà lẹ́yìn fóònù yẹn. Mo yọ gbogbo wọn.

Íntánẹ́ẹ̀tì náà ń falẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yàtọ̀. Fáírọ́ọ̀sì ti lọ, ṣùgbọ́n ó fi proxy sílẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo ìbéèrè tí ẹ̀rọ bá bi íntánẹ́ẹ̀tì, ilé alájàpá kan ni wọ́n ń gbà kọjá. Mo wọ Settings, Network, Proxy, mo pa á. Lẹ́yìn náà mo lo ọ̀rọ̀ àṣẹ méjì láti tún àwọn fáìlì Windows tó bá ti bàjẹ́ ṣe, ẹ sì lè kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ fi àṣẹ Administrator ṣí Command Prompt, kí íntánẹ́ẹ̀tì wà, kí iná má sì lọ: DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth. Bó bá parí, ẹ kọ: sfc /scannow. Ẹ ṣe sùúrù fún un. Ó lè dúró sójú kan bí ẹni tó ti kú, kò kú.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, láptọ́ọ̀pù tó ń gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá kó tó jí, ó ń gba mẹ́fà. Àwọn kan á ní ó tó, ẹ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èékánná ṣì ń họ páànù.

Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo, tó máa ń bi dísìkì fúnra rẹ̀ léèrè àlàáfíà. Bó bá kọ Good, ẹ sùn. Bó bá kọ Bad, ẹ sáré. Tiwa kọ Caution, pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè. Dísìkì inú rẹ̀, irú tó ń pòyì ni, ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ kékeré kan sì ń rìn lórí rẹ̀ láti kàwé, bí abẹ́rẹ́ gíráàmù lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fara kàn án. Ibì kan lára àwo ti bàjẹ́. Bí ọwọ́ yẹn bá débẹ̀ tí kò rí ohun tó fẹ́ kà, kì í sọ pé òun ò rí i. Á padà, á tún wò, á padà, á tún wò, gbogbo ẹ̀rọ á sì dúró dè é. Ìfàsẹ́yìn yín nìyẹn. Ó ti wà níbẹ̀ kí akọ̀wé tó gbé fláàṣì lọ tẹ̀wé, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì dé, gbogbo wa di ẹrù ọ̀ràn lé e lórí, kò sì sẹ́ni tó tún wo ibòmíràn.

Bí wọ́n bá ti format rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, àwòrán ì bá ti lọ, láptọ́ọ̀pù ì bá sì tún máa wọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù níbẹ̀.

Mo yọ dísìkì yẹn, mo fi SSD sípò rẹ̀, irú tí kò ní nǹkan kan tó ń yí nínú, mo sì sọ àyè ìrántí rẹ̀ láti 4 GB di 8 GB. Owó méjèèjì kò dé ìdá mẹ́rin iye tí wọ́n fẹ́ fi ra láptọ́ọ̀pù tuntun, akápò wà níbí, ẹ lè bi í. Mo fi Windows tuntun sí i, mo dá ìwé orúkọ padà. Báyìí, bí ẹ bá tàn án, ẹ ò ní ka ọgbọ̀n kó tó jí.

Ẹ gbọ́ ná o, kì í ṣe pé mo kórìíra format. Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan wà, bíi Sality àti Ramnit, tó máa ń wọ inú ètò kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ lọ sùn. Fún irú wọn, nínù nù ló dára jù, ẹ má fi ọjọ́ méje pa á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ń bá jà ni kí format ṣáájú kíkó ẹrù. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tó falẹ̀ ni dísìkì rẹ̀ ń kú. Ẹ̀gbọ́n wa kan gbé tiwọn wá bá mi lóṣù tó kọjá, eruku ló dí fáànù pa. Bí ọpọlọ ẹ̀rọ bá gbóná jù, á dín eré ara rẹ̀ kù kó má bàa jóná. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ẹ̀gbọ́n máa ń gbé e lé. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ọ́n, ó yá. Wọ́n fún mi ní àdìẹ kan.

Ohun kan wà tí kò kan eré sísá, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì jù ú lọ. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ ẹ̀rọ yín rí, ẹ ka password yín sí ohun tí wọ́n ti jí. Ẹ gba orí ẹ̀rọ mìíràn tó mọ́ lọ yí wọn padà, ti ímeèlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí, torí òun ni kọ́kọ́rọ́ àwọn yòókù, lẹ́yìn náà ti báǹkì. Akọ̀wé ti yí ti ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Windows tí ẹnì kan jí fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò ní tọ́ka sí ẹnikẹ́ni, ẹ má wo ara yín lójú, ọ̀nà ńlá tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé nìyẹn. Ẹni tó bá sì wà lórí Windows 10, kó mọ̀ pé Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àfi fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún. Bí ẹ̀rọ bá ti gbó jù fún Windows 11, Linux wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá bá mi.

Ìwé orúkọ wa ti wà níbi mẹ́ta báyìí: nínú láptọ́ọ̀pù, lórí dísìkì òde kan nílé Alága, àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ kí kálukú gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kọjá kó tó lọ, kó yẹ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wò. Ẹni tó bá mú àwòrán wá lórí fláàṣì, kó má ki í bọ láptọ́ọ̀pù yẹn o. Kó gbé e fún mi, ẹ̀rọ mìíràn wà nínú ọkọ̀ mi tí mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò.

Àwọn àwòrán méjì tí kò jáde, mo mọ ohun tó wà nínú wọn torí akọ̀wé ti kọ orúkọ sí wọn nídìí. Ọ̀kan ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sẹ́ẹ̀tì kẹta, pẹ̀lú ife. Èkejì ni ọ̀gá wa fúnra wọn níwájú pátákó ìkọ̀wé, wọ́n gbé kọ́ńpáàsì onígi ńlá yẹn lọ́wọ́, èyí tí gbogbo wa bẹ̀rù. Dísìkì tó bàjẹ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀dà èyíkéyìí nínú méjèèjì nílé, kódà kó jẹ́ èyí tí ikán ti jẹ etí rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi wá a. Màmá ti béèrè èkejì yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ padà sídìí ẹran yín.